ÒṢÙWỌ̀N WO NI A Ó FI WỌN ÌTỌ́JÚ?



Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a lè fi gbólóhùn kan dáhùn. Òun ni pé: nígbà tí ìjọ, tàbí ẹgbẹ́, tàbí ìjọba, bá pèsè ilé fún aláìnílé, tí ó sì tọ́jú arúgbó àti aláìsàn, báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé oore tí a ṣe ti di oore ní tòótọ́ fún ẹni tí a ṣe é fún, àti fún àdúgbò tí ó ń gbé? Òṣùwọ̀n wo ni a ó fi wọ̀n ọ́n? Ta ni yóò sì di òṣùwọ̀n náà mú?

Ọ̀rọ̀ náà kan wa gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn ará wa nínú Ẹgbẹ́ Vincent de Paul Mímọ́ ní ìwé kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ròyìn iṣẹ́ wọn fún àwọn tí ń fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìwé náà béèrè iye ilé tí a bẹ̀ wò, iye àpò ìrẹsì tí a pín, àti iye owó tí a ná. Kò béèrè bóyá òjò ṣì ń jò sórí ibùsùn ìyá arúgbó. Kò sì sí àyè nínú rẹ̀ tí a lè kọ ọ́ sí pé ẹnìkan jókòó ti ìyá náà títí ilẹ̀ fi ṣú, tí wọ́n jọ ka Rósárì Mímọ́ tán, tí wọ́n sì tún sọ ìtàn.

Èrò méjì ni mo ń gbọ́ láàárín yín lórí ọ̀ràn yìí. Àwọn kan wí pé àánú kò ní òṣùwọ̀n, àti pé ẹni tí ó bá ń ka oore tí ó ṣe, òwò ni ó ń ṣe. Àwọn mìíràn wí pé ohun tí a kò bá kà, ẹnu lásán ni. Ẹni tí ó fi owó rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí a fi ṣe. Àwọn ọ̀mọ̀wé inú ìjọ ni wọ́n pọ̀ nínú ìhà kejì yìí. Àwọn ìyá wa sì pọ̀ nínú ti àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti àwọn ìyá. Ìwé Mímọ́ wà lẹ́yìn wọn, nítorí Olúwa wa kìlọ̀ nínú Ìhìnrere Mátíù Mímọ́ nípa àwọn tí ń fi ariwo tọrẹ kí ènìyàn lè yìn wọ́n. Mo gbà fún wọn, pàápàá ní ayé ìsinsìnyí, tí àpò ìrẹsì kan kò lè kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ń fúnni kí ó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ń gbà láìjẹ́ pé a ya fọ́tò àwọn méjèèjì, kí a sì fi í hàn fún gbogbo ayé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ojú tí ń ti arúgbó nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kò farasin fún ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orí kẹfà. Ìjọ Jerúsálẹ́mù ń pín oúnjẹ fún àwọn opó lójoojúmọ́. Ta ni yóò wí pé ìjọ yẹn kò ní ìfẹ́? Síbẹ̀ àwọn opó kan wà nínú wọn, àwọn tí ń sọ èdè Gíríìkì, tí oúnjẹ kì í kàn. Èdè wọn yàtọ̀ sí ti àwọn tí ń pín oúnjẹ. Wọn kò ní ẹni tí yóò ṣẹ́jú sí wọn nígbà tí ìkòkò bá dé. Báwo ni a ṣe mọ̀? Ẹnìkan ni ó kà á. Ẹnìkan wo àwọn tí ó jẹun àti àwọn tí kò jẹun, ó sì rí i pé ojú kan náà ni a ń fò dá lójoojúmọ́. Nígbà tí ìkùnsínú náà dé etí àwọn Àpọ́sítélì, wọn kò dáhùn pé ìfẹ́ kì í kà. Wọ́n ní kí a yan ọkùnrin méje tí a lè jẹ́rìí wọn, Stéfánù Mímọ́ sì wà nínú wọn. Láti inú ẹjọ́ àwọn tí a kò kà kún ni iṣẹ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ nínú Ìjọ Mímọ́.

Pọ́ọ̀lù Mímọ́ pẹ̀lú mọ ìwé kíkọ. Nínú Ìwé Kìíní sí Tìmótì, orí karùn-ún, ó sọ ti àkọsílẹ̀ àwọn opó tí ìjọ yóò máa bọ́, ó sì fi ọgọ́ta ọdún ṣe ààlà ọjọ́ orí wọn. Ẹni tí ó ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ, kí àwọn wọ̀nyí tọ́jú rẹ̀, kí ẹrù má baà wúwo jù fún ìjọ. Ẹni tí kò ní ẹnìkan ni kí ìjọ gbà mọ́ra. Ẹ wo bí òṣùwọ̀n náà ti rọrùn tó: kò béèrè ẹni tí ó ké jù, bẹ́ẹ̀ ni kò béèrè ẹni tí ó sún mọ́ ilé Fádà jù, ó béèrè ẹni tí kò ní ẹnìkan. Ìjọba ìpínlẹ̀ wa náà gbìyànjú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìgbà Gómìnà Rauf Aregbesola (2010 sí 2018), nígbà tí a ń fún àwọn arúgbó tí ìṣẹ́ ń ṣẹ́ ní ₦10,000 lóṣooṣù lábẹ́ ètò tí a pè ní Àgbà Ọ̀ṣun. Nítorí náà, kíkà tí a ń kà nítorí ẹni tí a fò dá, apá kan òdodo ni. Àwọn ìyá wa yóò foríjì mí.

Nísinsìnyí, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ gbọ́ tiyín. Àwọn baba wa mọ kíkà, wọ́n sì mọ ibi tí ó yẹ kí kíkà dúró. Nínú àáró, kíkà ni: ọjọ́ tí ìwọ bá lò nínú oko mi ni èmi náà yóò lò nínú oko rẹ, ẹni tí kò bá sì san tirẹ̀ padà, ojú a tì í láàárín ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin bá fẹ́ kọ́ ilé, ọ̀wẹ̀ ni ó máa ń bẹ̀. Àwọn ará, àwọn àna àti àwọn ọ̀rẹ́ yóò péjọ. Wọn yóò po amọ̀, wọn yóò mọ ògiri ní ìpele-ìpele, wọn yóò sì bo òrùlé. Onílé yóò se oúnjẹ, yóò gbé ẹmu kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọjọ́ tí ẹnìkejì lò sílẹ̀, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gbàgbé rẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ ẹlòmíràn bá tó ilé kọ́, a mọ ẹni tí ó yẹ kí a rí níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá mú ìwé jáde nídìí ọ̀wẹ̀ láti ka iye òkìtì amọ̀ tí olúkúlùkù gbé, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn, bí ògiri tilẹ̀ dúró.

Àpẹẹrẹ kan wà nínú ìtàn àwa gan-an tí ó ju ti ọ̀wẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878 ni àwọn ọmọ-ogun Ìbàdàn àti àwọn ọmọ-ogun Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì pàdé ní agbègbè Ìkìrun, nínú ogun tí a ń pè ní Jálumi, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sá ni ó já lu omi Ọ̀tìn. Nínú rògbòdìyàn àkókò yẹn ni àwọn ará Òkukù fi ìlú wọn sílẹ̀, tí wọ́n sá wá sí Ìkìrun; ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí àlàáfíà fi dé ní 1893, tí wọ́n padà lọ tún ìlú wọn tẹ̀ dó. Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé Òkukù ní àwọn ọdún 1970, kọ ìtàn yìí sínú ìwé ńlá tí ó ṣe lórí oríkì, tí ó jáde ní 1991.

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ẹ rò ó wò. Ọmọ tí a bí ní ọdún tí wọ́n dé ti tó ẹni tí ń gbé ọkọ́ lọ sóko kí bàbá rẹ̀ tó lè nawọ́ sí ilẹ̀ kan fún un pé ibí ni ilé wa wà. Iyàrá mélòó ni a ṣí fún wọn? Oko mélòó ni a yà sọ́tọ̀ fún wọn? Mo rò pé ìjà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ènìyàn ni ènìyàn, omi odò sì máa ń fa ìjà láàárín àwọn tí ó jẹ́ ọmọ ìyá pàápàá. Ẹnikẹ́ni kò fi iye owó lé àlejò ṣíṣe yẹn. Bí ẹ bá ní kí n fi òṣùwọ̀n kan hàn yín, ohun tí mo lè nawọ́ sí ni ìlú Òkukù fúnra rẹ̀, tí ó wà lónìí pẹ̀lú ọba rẹ̀ àti ọjà rẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì ń wá ilé gbé nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní fi oyin kún un. Bí a kò bá kà, ẹnìkan ni ó máa ń jìyà àìkà náà. Ta ni ó ń pọn omi fún arúgbó nínú agbo ilé? Ìyàwó ilé ni. Ta ni ń fọ aṣọ rẹ̀, tí ń da ìgbẹ́ rẹ̀ nù? Ọmọbìnrin tí a kò rán lọ sí ilé-ìwé ni. A kò ka iṣẹ́ wọn, nítorí náà a kò dúpẹ́ fún un, bẹ́ẹ̀ ni a kò dín in kù fún wọn. Àti arúgbó obìnrin tí kò bímọ ńkọ́? Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n. Dípò kí a tọ́jú rẹ̀, àwọn kan á máa pè é ní àjẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá wí fún mi pé láyé àtijọ́ kò sí arúgbó tí ìyà jẹ nílẹ̀ wa, màá bi í pé arúgbó tí ó ní ọmọ mélòó ni ó ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo òkè òkun díẹ̀, nítorí àwọn ọmọ yín pọ̀ níbẹ̀ tí ó jẹ́ pé ìtọ́jú arúgbó gan-an ni iṣẹ́ wọn. Ó ti pẹ́ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní àwọn ẹgbẹ́ tí ń pèsè ilé fún aláìní. George Peabody, olówó kan láti Amẹ́ríkà tí ó fi Lọ́ńdọ̀nù ṣe ibùgbé, dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní 1862, ilé rẹ̀ àkọ́kọ́ sì ṣí ní Spitalfields ní 1864. Ẹgbẹ́ náà ń bẹ títí di òní. Ní 2012, ilé aṣòfin wọn ṣe òfin kan, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2013, pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń fi owó ará ìlú gba ènìyàn síṣẹ́ máa ro ire tí iṣẹ́ náà yóò mú bá àdúgbò, kí wọ́n má ṣe wo iye owó nìkan. Ẹ kíyèsí i: kí wọ́n máa rò ó ni òfin náà wí. Ríronú sì rọrùn.

Láti ìgbà yẹn ni àwọn tí ń pèsè ilé àti ìtọ́jú ti ń wá bí wọn yóò ṣe fi iye ire wọn hàn. Àjọ kan tí ń jẹ́ HACT gbé ìṣirò kan jáde ní 2014, tí ó fi iye owó pọ́n-ùn lé oríṣiríṣi ohun rere: pé ènìyàn rí iṣẹ́, pé ọkàn rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìrẹ̀wẹ̀sì, pé ó ń bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ déédéé. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò rẹ́rìn-ín. Ní Ìnísà, ẹni tí ó bá kọjá láìkí ènìyàn ni a ń bi léèrè pé kí ló ṣe é. Ta ni yóò fi iye lé ‘ẹ kú àárọ̀’? Síbẹ̀ kí ẹ̀rín náà má pọ̀ jù. Onílé tí kò mọ̀ ju owó ilé lọ kò ní béèrè láéláé bóyá ayálégbé rẹ̀ ní ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ìwé ìṣirò yẹn ń fi ipá mú un béèrè, mo sì kí àwọn tí ó ṣe é.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí ni ibòmíràn. Àwọn ọmọ wa tí ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn lọ́hùn-ún mọ bí a ti ń fi ìṣẹ́jú wọn ìbẹ̀wò: wọlé, gbé e dìde, wẹ̀ ẹ́, fún un ní oògùn, kọ ọ́ sílẹ̀, jáde. Àwọn ìbẹ̀wò kan kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ní 2015 ni NICE, àjọ tí ń tọ́ àwọn oníṣègùn àti olùtọ́jú sọ́nà níbẹ̀, wí pé kò yẹ kí ìbẹ̀wò dín ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àfi fún ìdí díẹ̀. Àwọn tí ó ń kà kò burú. Ohun tí ó rọrùn láti kà ni wọ́n kà, ohun tí ó rọrùn láti kà sì gba ipò ohun tí ó yẹ kí a ṣe.

Ìṣirò mìíràn tún wà. Ìjọba ilẹ̀ náà ṣí ọ̀nà fún àwọn olùtọ́jú láti ilẹ̀ òkèèrè ní oṣù kejì 2022. Ní oṣù kẹta 2024, ó wí pé àwọn tuntun kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ wọn wá mọ́. Ní oṣù keje 2025, ó ti ilẹ̀kùn náà pátápátá mọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ ti òkèèrè wá fún iṣẹ́ yẹn. Wọ́n ka iye arúgbó tí ó nílò ìtọ́jú, wọ́n sì ka iye àlejò tí ó wọlé. Ta ni ó ka ìyá tí ó wà ní Òkukù, tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ń wẹ ìyá ẹlòmíràn ní Manchester? Kò sí nínú ìwé tiwọn. Kò sì sí nínú ìwé tiwa náà.

Nígbà tí mo ń wá òṣùwọ̀n tí ó ṣe ènìyàn lóore, n kò nílò láti lọ jìnnà. Ìpínlẹ̀ wa níhìn-ín ni ó ti wá. Ní 1956, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ David Morley dé ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. (Ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni ilé-ìwòsàn yẹn nígbà náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi mí léèrè ìdí tí mo fi ń yìn wọ́n nínú ìwé Àgùdà. Ibi tí ire bá wà ni a ti ń kọ́ ọ.) Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì tẹ̀lé ọgọ́rùn-ún ọmọ mélòó kan láti ọjọ́ ìbí wọn títí dé ọdún márùn-ún. Ikú ọmọdé pọ̀ nígbà náà bí ẹ̀yin àgbà ti mọ̀: ìgbẹ́ gbuuru, èéyi, àti àìrí oúnjẹ tí ó tọ́ jẹ. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí àìsàn tí ó pa á tó dé, tí ẹnikẹ́ni kò sì fura, ìyá rẹ̀ pàápàá, nítorí ẹni tí ń wo ọmọ lójoojúmọ́ kì í rí i nígbà tí ó bá ń rù.

Nítorí náà ni Morley ṣe ya káàdì kan. Ọ̀nà méjì ni a fà sórí rẹ̀, tí wọ́n ń gòkè bí ọ̀nà òkè. Bí a bá ti ń wọn ọmọ lóṣooṣù, a ó fi àmì sí i, ìyá yóò sì rí i fúnra rẹ̀ bóyá ọmọ òun ń gun òkè náà tàbí ó dúró sójú kan. Kò gba ìwé kíkà láti mọ ìyàtọ̀ láàárín ìlà tí ń gòkè àti ìlà tí ó tẹ́jú. Nọ́ọ̀sì ni ó ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà, kì í ṣe oníṣègùn. Ohun tí ó ya àwọn oníṣègùn mìíràn lẹ́nu jù ni pé a kò fi káàdì náà pamọ́ sí ilé-ìwòsàn. A fi í sínú ọ̀rá, a sì fún ìyá kí ó gbé e lọ sílé. Ibi tí ọmọ bá lọ, káàdì rẹ̀ á tẹ̀lé e. Àwọn kan rò pé àwọn ìyá abúlé yóò sọ ọ́ nù. Àwọn ìyá tọ́jú rẹ̀. Ikú ọmọdé dín kù gidigidi ní Ìmẹ̀sí-Ilé, káàdì náà sì tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé.

Ẹ̀yin ará mi, níbi káàdì yẹn ni mo ti rí ìdáhùn tí mo ń wá. Kíkà ni, kíkà tí ó péye pẹ̀lú. A kò lè wí pé wọn kò ka nǹkan kan. Ṣùgbọ́n a kò fi ọmọ yìí wé ọmọ aládùúgbò láti dójú ti ìyá rẹ̀. Ọmọ náà ni a fi wé ara rẹ̀ ní oṣù tí ó kọjá. Bí ìlà bá tẹ́, ohun kan wà láti ṣe ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Ẹni tí ó sì ni ọmọ ni ó ni ìwé. Ẹ fi í wé ìwé ìròyìn tiwa. Ìwé tí ń lọ sọ́dọ̀ olówó ń sọ fún un pé a ti ṣiṣẹ́. Ìwé tí ó wà lọ́wọ́ ìyá ń sọ fún un bóyá ọmọ rẹ̀ yóò yè. Mo gbà pé ó yẹ kí a máa kọ ti àkọ́kọ́; àmọ́ bí a bá ti kọ ọ́ láìní èkejì, ara wa ni a wọ̀n, a kò tíì wọn oore.

Nítorí náà ni mo fi bẹ Ẹgbẹ́ Vincent de Paul Mímọ́ pé láti oṣù tí ń bọ̀, kí ìwé pélébé kan wà nínú ilé arúgbó kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń bẹ̀ wò, kí ó sì jẹ́ tirẹ̀, nínú àpótí tirẹ̀. Kí a kọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ bá wí sínú rẹ̀: bóyá òrùlé ń jò, bóyá ó rí oorun sùn, ta ni ó bá a pọn omi, kí ni ó béèrè ní oṣù tí ó kọjá, ṣé a sì ti ṣe é. Bí kò bá mọ ìwé kà, kí ọmọ-ọmọ tàbí katikísìtì kà á sí i létí kí ó lè wí pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ó bá wí pé òun kò fẹ́ kí a kọ nǹkan kan, kí a má ṣe kọ ọ́.

Ọ̀gbẹ́ni kan tí ó gbọ́n jù mí lọ ti ta kò mí lórí èyí. Ó ní arúgbó kò ní sọ òtítọ́. Ẹni tí ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ kò ní wí fún ọ pé òkúta wà nínú ìrẹsì rẹ. Ìtìjú kò ní jẹ́ kí ó sọ ọ́, àti ìbẹ̀rù pé o kò ní padà wá mọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà, n kò sì ní ìdáhùn tí ó pé fún un. Mo kàn lè wí pé kí ẹni tí ó ń béèrè má ṣe jẹ́ ẹni tí ó ń fúnni. Kí ó sì jẹ́ ẹni tí ó lè jókòó pẹ́. Òtítọ́ arúgbó kì í jáde ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́.

Olúwa wa fúnra rẹ̀ jókòó kọjú sí àpótí ìṣúra ní Tẹ́ḿpìlì, ó ń wo bí àwọn ènìyàn ti ń sọ owó sínú rẹ̀. Ẹ kò rí i pé ó ń wọ̀n ni? Ó rí owó ńlá àwọn ọlọ́rọ̀, ó sì rí kọ́bọ̀ méjì tí opó náà sọ sí i. Ó sì wí pé tirẹ̀ ni ó pọ̀ jù. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ olúkúlùkù lẹ́yìn tí ó ti fúnni ni Jésù fi wọ̀n wọ́n. Kò sí ìwé ìròyìn tí mo tíì rí tí ó ní àyè fún èyí.

Àwọn olùtọ́jú pẹ̀lú ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní 1839, ní Saint-Servan ní ilẹ̀ Faransé, obìnrin kan tí ń ṣe iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀, Jeanne Jugan, gbé opó afọ́jú kan wá sínú ilé rẹ̀, ó sì fún un ní ibùsùn tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ń gbé agbọ̀n kiri láti tọrọ oúnjẹ fún àwọn arúgbó tí ó gbà sílé. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn Sístà tí a ń pè ní Àwọn Arábìnrin Kékeré ti Àwọn Tálákà ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ń pọ̀ sí i, Sístà ń pọ̀ sí i, gbogbo rẹ̀ ni a sì ń kà. Ṣùgbọ́n àlùfáà kan tí ń darí wọn mú un kúrò ní ipò, ó sì jẹ́ kí a máa kọ́ àwọn tí ń wọlé pé òun ni olùdásílẹ̀. (Àlùfáà ni mo kọ, ẹ kò ṣì í kà.) Ní 1852 wọ́n pè é padà sí ilé ńlá wọn, ibẹ̀ ni ó sì gbé ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fún ọdún 27 títí ó fi kú ní 1879, láàárín àwọn Sístà kékeré tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ẹni tí ó jẹ́. Ní 1890 ni Róòmù yọ àlùfáà náà nípò. Ní 2009 ni Pápà Benedict kẹrìndínlógún kà á mọ́ àwọn Ẹni Mímọ́. Gbogbo ibùsùn tí ẹgbẹ́ náà ní ni ó wà nínú ìwé wọn, àfi ti ẹni tí ó kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan nípa ilé. Ẹni tí ó bá rìn láti Ìkìrun dé Òkukù lónìí yóò rí ilé ńláńlá tí àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Èkó àti lókè òkun kọ́ fún ìyá wọn, ilé oníyàrá mẹ́jọ, mẹ́wàá, pẹ̀lú ọgbà gíga, kànga oníẹ̀rọ àti irin lójú fèrèsé. Ọmọ tí ó kọ́ ọ ti ṣe ohun tí ó dára, kí Ọlọ́run bù kún un. Ó lè sọ iye tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ jẹ́ àti iye tí ó ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù. Ìyá tí ó wà nínú rẹ̀ ń ka nǹkan mìíràn: ìró ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí alẹ́ bá lẹ́, òun nìkan ni yóò ti ilẹ̀kùn iyàrá mẹ́wàá. Kò sì jìnnà sí ọgbà yẹn tí ẹ ó ti rí ìyá mìíràn, tí kò ní ọmọ láyé mọ́, tí páànù rẹ̀ ti jẹrà, tí ó ń gbé ìkòkò káàkiri ilé ní alẹ́ òjò.

Ìkìrun ti fìgbà kan gba odidi ìlú sínú iyàrá rẹ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ń béèrè iyàrá kan, nínú ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ìyá kan lè wá bá ìyá kan gbé. Ẹgbẹ́ Vincent de Paul Mímọ́ ti ṣèlérí oúnjẹ ẹni tí ń bọ̀, àwọn Ìyá Kátólíìkì yóò sì máa pín ìbẹ̀wò láàárín ara wọn. Kí ìyá tí ó bá ní irú iyàrá bẹ́ẹ̀ wá rí mi lẹ́yìn Mísà kejì. Kó má mú owó kankan dání. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ tí ó kọ́ ilé náà wà lókè òkun, a ó pè é lórí fóònù níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní bá a sọ̀rọ̀ náà. Kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀.